Ata-Wẹ́wẹ́ Bá Aláfárá Jẹun

"Ẹ ò ní fi ẹnu kàn án! Mo ní ẹ ò ní fi ẹnu kàn án! Àfi tí ẹ bá tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ kọjá níbí yìí!"

Ohùn Bùsúyì ló ń já lára ògiri bẹ́ẹ̀. Igbákejì alága Ẹgbẹ́ A-ò-Gbà ni, ọkùnrin gàgàrà kan tí kì í pariwo, tó jẹ́ pé bí ó bá kígbe lónìí, ó di ọdún mìíràn. Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń dènà ewúrẹ́. Yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí lẹ́yìn Gbàgede ni wọ́n wà, nítorí kò sí ibòmíràn tí ẹ̀rọ ò ti ní gbọ́ wọn. Níta, èrò ti pé bí eṣú, oòrùn ọ̀sán sì ń gba ihò ilẹ̀kùn wọlé bí abẹ́rẹ́.

"Bùsúyì, yẹra lẹ́nu ọ̀nà."

"N ò yẹra."

"Èmi lò ń dá lóhùn bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. N ò yẹra."

Fadérera Adéwọ̀yin gbójú sókè wò ó, nítorí obìnrin náà kúrú. Bí ó bá dúró ti Bùsúyì, igbáàyà rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ yẹn mọ́ ṣá. Ata-Wẹ́wẹ́ ni gbogbo ìlú Àpáta-Ńlá ń pè é. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń fi kí i, àwọn tó kórìíra rẹ̀ ń fi bú u, òun náà á sì jẹ́ ẹ fún tọ̀tún-tòsì. Léjìká aṣọ rẹ̀, àmì alága ń tàn, iná kékeré kan tí kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ. Gbogbo olórí ẹgbẹ́ ló ń lò ó. Bí ó bá ti ń tàn lára ẹni, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni kì í ṣe ti ẹni mọ́.

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ fi ẹnu yín sọ ní Ọjà-Ìrọ̀lẹ́?" Bùsúyì rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀. "Ẹ gun orí tábìlì, ẹ ká ọwọ́ aṣọ. Ẹ ní olórí yòówù nínú ẹgbẹ́ yìí tó bá bá Aláfárá jẹun nínú àwo kan, kí àga yọ nídìí ẹ̀, kó padà sídìí iṣẹ́ tó ti wá. Kí làwọn èrò wí?"

"Wọ́n ní àṣẹ."

"Kí ni Ẹlẹ́rìí ṣe?"

Ó yínmú. "Ó lu agogo."

"Ẹ̀n-ẹ́n!"

Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe ara rẹ̀ ni Ata-Wẹ́wẹ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn bá wí. Lákànmí ni, akápò wọn ìgbà náà, tí wọ́n ń rí lẹ́yìnkùlé àwọn Aláfárá, ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n ń bá jà, ní àsìkò tí ọmọlúàbí ti sùn. Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún un nídìí ni. Lákànmí gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó kó aṣọ rẹ̀, ó sì lọ bá wọn pátápátá kí ọ̀rọ̀ tó kàn án. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Ti Ata-Wẹ́wẹ́ kò tilẹ̀ dé ilé, orí ara rẹ̀ ló padà sí.

Bẹ́ẹ̀ Ẹlẹ́rìí kò gba ẹ̀bẹ̀. Òpó dúdú kan ni, ó wà ní gbogbo gbàgede ìlú, kò ga ju ọmọ iléèwé lọ. Ihò etí kún ara rẹ̀ bí ajọ̀, agogo irin kan sì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré. Bí ẹni tí àmì ń tàn lára rẹ̀ bá fi ẹnu sọ ohun kan, tí èrò bá ṣe àṣẹ sí i, òòlù á sọ kàn-án, ó di èdìdì. Kò sí ilé ẹjọ́ tó lè tú u. Àwọn tó ṣe é kò sì kọ́ ọ ní àwàdà: kò mọ àdúrà yàtọ̀ sí ìlérí, kò mọ èébú yàtọ̀ sí ìbúra. Gómìnà kan wà tó fi ìgbónára sọ pé bí títì kò bá dé ìlú ìyàwó òun kí ọdún tó yí, kí òun fi ìdí wọ́ débẹ̀. Títì kò dé. Gbogbo ayé tò sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n gbé àga àti ẹ̀pà dání, wọ́n wò ó.

Láti ìgbà náà ni ẹnu àwọn olóṣèlú ti kú. Bi wọ́n pé ṣé ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n á ní àwọn ń gbé e yẹ̀wò. Ata-Wẹ́wẹ́ nìkan ló ṣì ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀, ìdí nìyẹn náà tí agogo fi máa ń ró lé e lórí bí òjò.

Ohun tí ẹnu yẹn ti fojú rẹ̀ rí kò kéré. Ẹgbẹ́ Onílẹ̀kẹ̀ ló kọ́kọ́ lé e, nígbà tó ju bàtà lu kọmíṣọ́nnà kan níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò. Ilé ẹjọ́ dè é ní ẹ̀gbà-ìdákẹ́, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sọ́rùn, tí ń gbé ohùn mì kó tó jáde lẹ́nu. Irin náà wà lọ́rùn rẹ̀ títí òjò ọdún yẹn fi dá. Inú ìdákẹ́ náà ló sì ti dá Ẹgbẹ́ A-ò-Gbà sílẹ̀. Ó ń fi ìka kọ ọ̀rọ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, àwọn èèyàn ń kà á sókè fún ara wọn, ẹni tí kò mọ̀wé ń bi ẹni tó mọ̀wé, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá fi máa dé ẹ̀yìn èrò, ó ti gbóná ju bí ó ṣe kọ ọ́ lọ. Wọ́n dìbò fún un pẹ̀lú irin lọ́rùn. Lẹ́yìn ìyẹn ó lé ìdajì ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ níbi ìpàdé kan, ó sì lé ìdajì tó kù nígbà tí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ fún ti àkọ́kọ́. Ó já lórí àga, ó tún gun un. Wọ́n ní ó ti kọ́lé sáàrin àwọn ilé gogoro tí ń yí tẹ̀lé oòrùn. Ó kó àwọn oníròyìn lọ sí yàrá tó ń gbé, ọmọńlé méjì ni wọ́n bá níbẹ̀, ọ̀kan ò sì nírù.

Nísinsìnyí, àga mẹ́ta péré ló ní ní Ilé Ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n Aláfárá àti Onílẹ̀kẹ̀ ṣe déédéé, kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Ibi tí ata wẹ́wẹ́ bá bọ́ sí, ọbẹ̀ ibẹ̀ ni yóò ta.

"Ẹ jẹ́ ká dúró ni mo wí," Bùsúyì ní. "Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí tí ẹgbẹ́ kan ò bá ẹgbẹ́ kan jẹun, ìbò tuntun nìyẹn. Àga mẹ́ta wa á di mẹ́sàn-án. Orúkọ yín ni wọ́n ń kọ lórin káàkiri."

"Ìgbà wo ni ìbò tuntun ọ̀hún?"

"Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn."

"Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn." Ó tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ wò. "Ìgbà wo lo dé Òkè-Asálà kẹ́yìn?"

"Àná."

"O fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi?"

"Mo fọwọ́ kàn án."

"Kí ló bá ẹ sọ?"

Bùsúyì wolẹ̀. "Ó ní, 'Ẹ kú ilé o. Ìpín òkè yìí ti tán. Ẹ padà wá lọ́la.'"

"Oòrùn ti yọ nígbà yẹn?"

"Kò tíì yọ tán."

Òkè-Asálà ni wọ́n kó àwọn tí òkun gba ilé lọ́wọ́ wọn sí. Àwọn bàbá wọn sá fún omi. Àwọn ọmọ wá di ẹni tó ń lá ìrì lára ewé. Páìpù ńlá ìlú sì kọjá lábẹ́ òkè wọn gan-an, ó ń lọ sí àwọn ilé gogoro. Bí wọ́n bá fi etí lélẹ̀, wọ́n á máa gbọ́ ọ bí ó ṣe ń kùn. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ kì í sùn láìgbọ́ ọ. Ẹ̀ka kan péré ló kù kí wọ́n so mọ́ páìpù náà, kò sì sí ẹni tó lè ní kí wọ́n so ó àfi olórí ìjọba, olórí ìjọba kò sì sí, nítorí ẹgbẹ́ méjì dọ́gba.

"Ọmọ Sàlámì tó kú yẹn," Ata-Wẹ́wẹ́ ní, "èmi ni mo fún un lórúkọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wẹ òkú ẹ̀, ilé mẹ́ta la lọ ká tó rí omi ife kan. Ìwọ ń sọ àga mẹ́sàn-án fún mi. Ta ni yóò jókòó lórí wọn? Àwọn tí òùngbẹ bá ṣẹ́kù?"

"Ṣówándé olórí Aláfárá ò ní fa omi kankan! Ẹ bi í léèrè lánàá, kí ló sọ?"

"Ó ní, 'A ó jọ wò ó.'"

"A ó jọ wò ó! Ojú ni wọ́n fi ń wo nǹkan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é! Ẹni tó ti ń ṣòṣèlú fún ogún ọdún tí agogo ò dún lé lórí rí! Bí iná yẹn bá kú léjìká yín, ta ni yóò rán an létí?"

"Ìwọ."

"Èmi?" Ojú ọkùnrin náà pọ́n. "Èmi tí mi ò lè bú adìẹ?"

"Wàá kọ́ ọ. Èmi náà ò mú un tọ̀run wá."

Ó gbé ọwọ́ lé e láyà. Ọwọ́ náà le, àpá iná kún un títí dé ìgúnpá, nítorí jórinjórin ni kó tó di olóṣèlú. Òun ló jó irin òrùlé tó ń gba òjò mọ́ra wọn lórí ìdajì ilé Òkè-Asálà, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Ohun kan wà tí kò sọ fún Bùsúyì, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi iná yẹn sí i léjìká, kò tíì ṣàdúrà fún ọmọ aládùúgbò láìkọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá òpó dúdú wà nítòsí. Níbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ní kó súre, ó ń kùn bí ẹni tí eyín ń dùn. Òun, Fadérera, tó jẹ́ pé bí ó bá súre fún ẹ nígbà kan, wàá rò pé o ti di ọba.

"Ẹni tó bá wà nínú ilé ló lè ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó wà níta," ó ní. "Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú ilé ńkọ́? Yẹra, ọmọ bàbá mi."

Bùsúyì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó yẹra.

Bí Ata-Wẹ́wẹ́ ti yọ sí gbangba, ariwo gbé e bí omi ṣe ń gbé ọkọ̀. Àwọn ẹ̀rọ afò tí kò tóbi ju labalábá lọ bò ó lórí, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀. Látorí àwọn òpó Gbàgede, aṣọ ìbòji ńláńlá ń tú ara wọn sílẹ̀ tẹ̀lé oòrùn, ṣùgbọ́n orí àga àwọn Aláfárá ni òjìji náà pọ̀ sí jù; ẹ̀rọ náà mọ ẹni tí yóò bò.

"Ata-Wẹ́wẹ́, ẹ má jẹ ẹ́ o!"

"Ẹ jẹ ẹ́! Omi là ń fẹ́!"

"Èló ni wọ́n fún yín?"

"Bi ìyá ẹ!" Ata-Wẹ́wẹ́ dáhùn, èrò sì hó. Kò sẹ́ni tó ṣe àṣẹ sí ìyẹn.

Láàrin Gbàgede, tábìlì kan wà, àwo amọ̀ kan sì wà lórí rẹ̀, iṣu sísun pẹ̀lú epo pupa. Bí òfin ti wí nìyẹn: ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ ṣe, kí olórí méjèèjì fọwọ́ bọ àwo kan lójú èrò, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n gbé e mì. Ẹlẹ́rìí dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà bí ọmọ tó ń retí èèpá ìkòkò.

Olóyè Kúforíjì Ṣówándé, olórí Ẹgbẹ́ Afárá, dìde. Arẹwà àgbàlagbà ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sí i lára fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Mopélọ́lá, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú oyún tó ti wọ oṣù rẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ bí wọ́n ṣe wá oyún yìí tó. Ọ̀dọ́bìnrin náà gbé ọwọ́ kan lé ikùn, ó ń fi èkejì fẹ́ ara rẹ̀, ojú sì ń tì í bí àwọn èèyàn ṣe ń wò ó.

"Ọmọ mi," Ṣówándé ní, ó ń rẹ́rìn-ín, "ìwọ la ń retí. Iṣu ti ń tutù."

Ata-Wẹ́wẹ́ fi orúnkún kan kanlẹ̀ díẹ̀, ó sì tún nàró. "Olóyè, kí n tó fọwọ́ kàn án, ẹ bá àwọn èèyàn mi sọ̀rọ̀. Omi ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ omi jẹ wá lógún púpọ̀."

"Ṣé ẹ ó fà á dé Òkè-Asálà?"

"A ó jọ wò ó."

Èrò kùn. Bàbá arúgbó kan tó gun orí korobá sókè nínú wọn ní, "Olóyè, ojú yín ò ní fọ́ o! Ẹ ti ń wò ó tipẹ́!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò jókòó. "Ẹ ó fa omi náà, Olóyè! Ẹ ó fà á láyọ̀!"

"Àṣẹ!" èrò ké.

Ṣówándé rẹ́rìn-ín, ó mi orí sókè-sílẹ̀ bí alángbá, ètè rẹ̀ pa dé. Agogo kò dún. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí wọ́n bá gbàdúrà lé olórí lórí, àṣẹ èrò kò mú un. Àfi tí òun náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àṣẹ, nígbà náà ni ohun tó wà nínú àdúrà náà di ẹrù ọrùn rẹ̀. Ogún ọdún ló ti fi ń mi orí sí àdúrà. Agbẹjọ́rò rẹ̀ sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ láti máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ bí ó bá fẹ́ gbàgbé.

Ata-Wẹ́wẹ́ wo oòrùn. Ó wo àwọn èèyàn rẹ̀, àwọn ìyá tó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo wá sí ìpàdé, bóyá wọn á ti ibẹ̀ kọjá síbi tí wọ́n á ti rí nǹkan pọn. Ó rò ó pé, bí mo bá jẹ ẹ́, mo lè pàdánù àga, kí omi má sì wá. Bí n kò bá jẹ ẹ́, omi ò ní wá dájúdájú.

Ó bu iṣu, ó tì í bọ epo, ó fi sẹ́nu. Ṣówándé bu tirẹ̀. Wọ́n jọ gbé e mì.

Kàn-án! Ẹgbẹ́ méjì ti di ọ̀kan. Àwọn Aláfárá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àmì èjìká Ṣówándé sì yí padà di pupa bí ẹ̀yinná: ó ti di olórí ìjọba.

Kàn-án! Ohùn Ẹlẹ́rìí tẹ̀lé e, ohùn jẹ́jẹ́ kan tí kì í bínú. "Fadérera Adéwọ̀yin. Èdìdì Ọjà-Ìrọ̀lẹ́ ti mú yín. Àga ti yọ. Iṣẹ́ tí ẹ padà sí ni jórinjórin. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Iná èjìká rẹ̀ kú. Lára Bùsúyì, lọ́hùn-ún, ti tuntun tàn.

Ata-Wẹ́wẹ́ ti fún eyín pọ̀, ó ń retí ìrora náà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín fún. Ìrora kò dé. Ohun tó dé ni ohun tí í ṣe ẹni tó ru igi láti oko jìnnà, tí wọ́n wá bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé: ọrùn rẹ̀ fúyẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ó wo Ẹlẹ́rìí. Àwọn ihò etí tó máa ń ṣí sí i níbikíbi tó bá yà sí ti yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n kọjú sí Bùsúyì.

"Ẹ wò ó," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. Ó tún un sọ sókè. "Àwọn ilé gogoro yẹn, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa jó lọ́jà lọ́la!"

"Àṣẹ..." àwọn èèyàn ní, ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Òòlù kò mira.

"Kí Lákànmí hu ìyẹ́, kó yé ẹyin!"

"Àṣẹ!"

Òòlù kò mira. Ata-Wẹ́wẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti pẹ́ nínú ikùn, ó fi ọwọ́ di ìhà. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í lóye. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, bàbá arúgbó náà já bọ́ lórí korobá. Ṣówándé pàápàá ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ti borí, kí ló ń bà á lẹ́rù lára jórinjórin?

"Olóyè," Ata-Wẹ́wẹ́ ní, ó ń nu omijé ẹ̀rín, "n ò lóyè mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ súre fún yín kí n tó máa lọ."

"Súre, ọmọ mi."

Ó kúnlẹ̀ sórí òkúta. "Ẹ ó pẹ́ fún wa."

"Àṣẹ!" èrò ní. Ṣówándé mi orí.

"Àga tí ẹ gùn kò ní jó yín nídìí."

"Àṣẹ!" Ṣówándé mi orí.

"Ẹ ṣe àṣẹ, Olóyè! Àdúrà ni!" arúgbó náà kígbe látilẹ̀. Ṣówándé rẹ́rìn-ín sí i, ètè pa dé.

Ata-Wẹ́wẹ́ rí i. Ó ti rí i láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n iná ti ń jó o léjìká nígbà náà, kò lè gbàdúrà kankan tí kò ní mú òun náà. Ó fi orúnkún yí sọ́dọ̀ Mopélọ́lá. Ó wo ikùn náà, ọ̀rọ̀ Sàlámì sì wá sọ́kàn rẹ̀, bí ó ṣe di ife omi kan mú lọ́wọ́ méjèèjì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, àwàdà ti kúrò lóhùn rẹ̀, kò sì sí ẹ̀tàn níbẹ̀.

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n gbọ́wọ́ lé e."

Mopélọ́lá gbà á láàyè.

"Bàbá rẹ yóò fa omi dé Òkè-Asálà kí oṣù yìí tó parí. Ọwọ́ tó fi fún ọmọ ọlọ́mọ lómi, kò ní fi nu omijé ọmọ tirẹ̀ láé. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ, wẹ́rẹ́ ni. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Èrò kò ké. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, gbogbo wọn, bí ìgbà tí èèyàn bá wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìbímọ. "Àṣẹ."

"Àṣẹ, mà," Mopélọ́lá ní, ojú rẹ̀ ti kún. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

Ṣówándé ń mi orí. Ó ń mì í gidi, sókè-sílẹ̀, sókè-sílẹ̀. Agbẹjọ́rò ti gbé bàtà lé e lẹ́sẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Bàbá," Mopélọ́lá ní. "Ẹ ò ṣe àṣẹ?"

Orí tó ń mì dúró. Gbogbo Gbàgede ń wo ẹnu ọkùnrin kan. Ẹ̀rọ afò kan bà sí eteetí àwo iṣu, ó dojú kọ ọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ alápàá tó wà lórí ikùn rẹ̀. Ó ya ẹnu, ó pa á dé.

"Bàbá mi. Àdúrà mi ni."

"Olóyè, ẹ rọra," agbẹjọ́rò sọ fún un létí.

"Gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò lórí tèmi!" Ṣówándé jágbe mọ́ ọn. Ó gbọ́wọ́ lé orí ọmọ rẹ̀. "Àṣẹ," ó ní. "Àṣẹ o, ọmọ mi."

Òòlù gbéra lórí Ẹlẹ́rìí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sórí irin: kàn-án.